Ọwọ́ Tí Kò Sí Níbi Yìgì

Ìyàngbò ìrẹsì ti bo ojú Salmah títí dé ìpéǹpéjú lọ́jọ́ tí Ashraf kọ́kọ́ rí i. Eyín rẹ̀ nìkan ló funfun láìlábùlà. Wẹ́dà ni Ashraf ní Ìbàfò. Bàbá Salmah ló pè é wá sí Ọ̀fàdà, kó wá jó ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì. Ojú ọmọbìnrin yìí ló ń wò tó fi jó ara rẹ̀ níka.

"Bọ̀ọ̀dá wẹ́dà, irin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ jó," ni Salmah wí.

Látọjọ́ náà, ẹ̀rọ tí nǹkan kan ò ṣe ni Ashraf ń wá tún ṣe. Bàbá mọ̀, àmọ́ kì í dójú tì í. Ó kàn máa ń bi í bóyá ẹ̀rọ òun tún ti bàjẹ́ ni, á sì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn méjèèjì wá ń fẹ́ra, ó ní lọ́jọ́ yìgì, ọwọ́ òun gan-an lòun máa fi fa Salmah lé e lọ́wọ́.

Àfi bí Ashraf ṣe já bọ́ látorí òrùlé kan ní Mágbórò. Níbi tí wọ́n ti ń yàwòrán egungun ìhà rẹ̀ ni wọ́n ti rí kókó kékeré kan nínú ẹ̀dọ̀fóró. Jẹjẹrẹ ni, àmọ́ wọ́n tètè rí i, wọ́n sì gé e kúrò. Wọ́n wá fi aró kun ẹran tí wọ́n gé, kí wọ́n lè mọ bí pùrótíìnì kan ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Dókítà Fúnmi tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ó pọ̀, pé ẹni tó bá pọ̀ lára rẹ̀, àìsàn náà máa ń padà sí i ju ti àwọn yòókù lọ, kó ṣáà máa wá fún àyẹ̀wò.

Ohun tí Ashraf gbọ́ ni pé òun máa kú. Ó rántí ìyá rẹ̀ nínú opó, nílé wọn ní Ifọ̀, bó ṣe ń sunkún tí kò lè jẹun. Ó búra pé òun ò ní í sọ Salmah di opó. Egungun ìhà ló sọ fún un pé wọ́n tún ṣe, ó sì ní ọkàn òun ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Irọ́ gbuu! Salmah kúnlẹ̀, ó bi í léèrè ohun tóun ṣe, ọmọkùnrin gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọdún mẹ́rin kọjá, àìsàn ò padà. Dókítà wá bi í pé ìyàwó ńkọ́, ni Ashraf bá ṣàlàyé. Obìnrin náà pa fáìlì rẹ̀ dé.

"Mo ní òjò ṣú. N ò ní kó o fi oko sílẹ̀."

Ọ̀fàdà ló gbà lọ tààrà. Salmah ló wà nídìí ẹ̀rọ, kò tíì lọ́kọ. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ashraf dúró sínú ìyàngbò, ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ palẹ̀.

"Ta ló ní kó o bá mi yàn?" Salmah pa ẹ̀rọ náà. "Lórí àìsàn tó pa á, bàbá mi ṣì ń bi mí bóyá ẹ̀rọ ò bàjẹ́ mọ́ ni."

Ashraf sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní àìsàn yẹn ṣì lè padà o.

"Tó bá padà, ó máa bá mi nílé ẹ, olówó orí mi."

Mọ́ṣáláṣí kan ní Mòwé ni wọ́n ti so yìgì. Bùrẹ́ímọ̀, ẹ̀gbọ́n Salmah tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó, ló na ọwọ́ dípò bàbá. Ashraf gbà á mú. Ọwọ́ náà rọ̀, kò le bíi ti bàbá tó ń bó ìrẹsì, àárò bàbá náà sì sọ ọ́ débi pé lẹ́ẹ̀mejì ni ààfáà bi í kó tó lè dáhùn pé òun gbà.