Ta Ló Gun Òkè Nínú Òjò?

Òkúta funfun ni Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ ló fi gun òkè náà, bàtà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ pupa dé ọrùn ẹsẹ̀, nítorí pé nínú òjò tó ti ń rọ̀ láti ọ̀sán, kò sí alùpùpù tó gbà láti gbé e. Nígbà tó dé iwájú ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti da òkúta wẹ́wẹ́ funfun báláú sí gbogbo ẹnu ọ̀nà. Kò sí níbẹ̀ nígbà tó wá kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Òkè, ẹ ti di ọlọ́jà òkúta!" ló pariwo láti ìta.

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nọ́ọ̀sì wọlé, ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu. Ọkùnrin tó tọ́ ọ dàgbà láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú ló nà gbalaja nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ sókè, bọ́tìnnì àyà ẹ̀wù rẹ̀ já, awò ojú rẹ̀ sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì ni láti mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. Síbẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ bàbá náà mú, ó ń wá ibi tí iṣan ti ń sọ. Iṣan kò sọ. Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́, àfi òjò tó ń kán láti òrùlé. Ó ṣe é bí ẹni pé ẹnìkan ṣì wà nínú yàrá lókè, ó ń tẹ́tí sí i. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló fi rìn jáde, ó pe àwọn ọlọ́pàá.

Ínsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n rán wá jẹ́ obìnrin gíga kan tó wọ bàtà òjò ọkùnrin. Abẹ́-Ọkọ̀ ni àwọn ọlọ́pàá kéékèèké ń pè é lẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá mọ́tò àlòkù tó ṣeé gbára lé, èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀-wíìlì, nítorí pé ọ̀nà ilé rẹ̀ kò dára. Láti ìgbà náà kò lè rí mọ́tò nílẹ̀ kó má dọ̀bálẹ̀ kó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀. Kò tíì rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Ọmọ mi, wọ́n tì í ni," ló wí fún Nọ́ọ̀sì. "Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ yọ̀ ṣubú, bọ́tìnnì àyà rẹ̀ kì í já. Ẹnìkan gbá a láyà mú. Ta ni wọ́n jọ ní gbólóhùn asọ̀?"

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. "Mi ò mọ̀, mà."

"O mọ̀. Fóònù rẹ̀ ni mo dì mú yìí. Ẹni tó pè kẹ́yìn, 'Tíṣà' ló kọ síbẹ̀. Ta ni Tíṣà?"

Tíṣà ni ẹni tí ọkàn Nọ́ọ̀sì yàn, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá pè é lórúkọ, inú rẹ̀ a máa dùn bí ẹni tí wọ́n ki lójijì. Òun náà ni ẹni tí Bàbá Òkè sọ pé òun kò ní fi ọmọ òun fún láéláé. "Ọkùnrin tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì nìkan ló ní," bẹ́ẹ̀ ni bàbá náà máa ń wí. Lọ́yà ni bàbá ń fẹ́ fún un. Lọ́yà tó ní ọ́fíìsì nísàlẹ̀ òkè, tó ní aṣọ tó dáa, tó sì ní sùúrù bí ológbò.

Ọ̀dọ̀ Lọ́yà náà ni wọ́n kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ló gun òkè, iwájú ọ́fíìsì rẹ̀ ló sì gbà. Ó fún Nọ́ọ̀sì ní áńkáṣíìfù tó ń ta sánsán.

"Màdáàmù, kò wù mí kí n sọ ọ́," ló wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Àmọ́ àgbà ló ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Láti ojú fèrèsé yìí, mo rí mọ́tò pupa Tíṣà tó gun òkè nínú òjò. Ó wọ géètì Bàbá. Nígbà tó yá, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eré."

"Ẹ rí i tó wọ géètì?"

"Ojú mi méjèèjì, mà."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Èmi? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá kẹ́yìn. Mọ́tò mi ò kúrò níwájú ọ́fíìsì lánàá."

Ínsípẹ́kítọ̀ ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n ti ń jáde, ojú rẹ̀ bọ́ sí mọ́tò dúdú kan tó ń dán.

"Fọ́ọ̀-wíìlì ni?"

"Ojúlówó, Màdáàmù. Ògiri ló kù tí kò lè gùn."

"Ẹ ò ní tà á fún mi?" Kí Lọ́yà tó dáhùn, obìnrin náà ti kúnlẹ̀, ó ti yọjú sábẹ́ rẹ̀, ó ń fi ìka tọ àárín eyín táyà. Lọ́yà bú sẹ́rìn-ín. Ínsípẹ́kítọ̀ dìde, ó gbọn orúnkún, ó ti ọwọ́ bọ àpò.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Tíṣà kò lè gbójú sókè.

"Mi ò dé òkè lánàá, mà. Ilé ni mo wà, mò ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ."

"Bàbá pè ọ́."

"Ó ní kí n wá rí òun. Mo rò pé ó tún fẹ́ bú mi ni. Mi ò lọ."

Irọ́ ni. Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ̀ pé irọ́ ni. Lálẹ́ àná tó sáré lọ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún Tíṣà, ó rí ẹ̀wù Tíṣà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi inú rẹ̀ pupa. Fún ìṣẹ́jú kan, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ òkè ni. Kí Nọ́ọ̀sì tó ráyè sọ pé Bàbá kú, Tíṣà ti ní ẹrẹ̀ ta sí òun lára lójú títì, ṣùgbọ́n ojú títì kò ní ẹrẹ̀ pupa.

Wọ́n ti Tíṣà mọ́lé. Nọ́ọ̀sì padà sí yàrá Tíṣà, ó jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní gbogbo òru, bí ẹni tó ń ṣọ́ ejò. Bó bá fọ ẹ̀wù náà, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fọ̀ ọ́ tán, ṣé yóò lè sùn ti ọkùnrin náà? Ọwọ́ tó máa ń tún irun rẹ̀ ṣe jẹ́jẹ́, ṣé ọwọ́ yìí náà ló gbá Bàbá láyà mú? Ìfẹ́ ń fà á sí ọ̀tún, ẹ̀rù ń fà á sí òsì, òun náà sì dà bí aṣọ tí ọmọdé méjì ń jà sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ bá Ínsípẹ́kítọ̀.

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, mà," ló wí, tó bú sẹ́kún. "Ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí."

Ínsípẹ́kítọ̀ na ẹ̀wù náà sókè. Ó wò ó pẹ́. "Àyà àti ìgbọ̀nwọ́ ni ẹrẹ̀ wà. Ẹni tó lọ pa ènìyàn kì í dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Nu ojú rẹ. Níbo lẹ ti ra mọ́tò pupa yẹn?"

Lójú ọ̀nà, Nọ́ọ̀sì sọ bí wọ́n ṣe rà á. Wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn òkè, ìdí nìyẹn tí òun àti Tíṣà fi ń wá fọ́ọ̀-wíìlì. Ó bẹ Tíṣà pé kí wọ́n mú mẹkáníìkì dání. Tíṣà kọ̀. Ó jókòó sínú mọ́tò náà, ó fọwọ́ pa àga rẹ̀, ó fun fèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ ń tàn. "Bí mo ṣe mọ̀ ọ́ ni mo ṣe mọ èyí," ló wí fún un. "Ojú kan ni mo rí ọ, mo ti mọ̀ pé tèmi ni ọ́."

"Ó dùn létí," ni Ínsípẹ́kítọ̀ wí. "Mọ́tò ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rí-Ọkàn ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń ta mọ́tò àlòkù náà, nítorí pé ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ló máa ń fi búra fún oníbàárà. Bó ti rí Ínsípẹ́kítọ̀, ó ké, "Ẹ tún dé! Ẹ ti fi ẹ̀yìn yín gbá gbogbo ọgbà mi mọ́ tán, ẹ ò ra nǹkan kan!"

"Ta ló yọ ṣáàfù mọ́tò pupa?"

Ẹ̀rín Ẹ̀rí-Ọkàn rọ. "Ṣáàfù wo, mà?"

"Irin gbọọrọ tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Mo ti wọ abẹ́ rẹ̀ ní àgọ́ wa. Kò sí níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti tú u ti dípẹtà."

Ọkùnrin náà wò yí ká, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ń pariwo ni, mà. Mo yọ ọ́ kí n tó tà á, ariwo tán. Lójú títì dídán, ta ló máa mọ̀? Ta ló ń polówó àléébù ọjà ara rẹ̀?"

"O gbọ́ pé wọ́n ní mọ́tò náà gun òkè nínú òjò, wọ́n torí ẹ̀ ti ènìyàn mọ́lé, o dákẹ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, mà."

"Ó yẹ kó bà ọ́. Bọ́ sínú mọ́tò."

Òjò tún ṣú ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ínsípẹ́kítọ̀ kó gbogbo wọn jọ sí ìsàlẹ̀ òkè: Tíṣà pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, Ẹ̀rí-Ọkàn, Nọ́ọ̀sì, awakọ̀ típà kan tí Nọ́ọ̀sì kò mọ̀ rí, àti Lọ́yà lábẹ́ agboòrùn. Lọ́yà dúró ti Nọ́ọ̀sì, ó ń da agboòrùn náà bò ó. Nọ́ọ̀sì sún díẹ̀, Lọ́yà sún tẹ̀lé e.

"Lọ́yà, ẹ bá wa wa mọ́tò pupa yìí dé géètì, bí ẹ ṣe rí i."

"Nínú aṣọ yìí kọ́, Màdáàmù."

Ọlọ́pàá kan bọ́ sínú mọ́tò dípò rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò pupa ké, ó gun díẹ̀, ó dé kọ́nà. Ẹsẹ̀ iwájú ń yí wìrìwìrì, wọ́n ń tu ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ó rọra ń yọ̀ padà wá sílẹ̀. Wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀kejì, ó tún padà.

Ẹkún gbọn Tíṣà. "Mo lọ," ló wí, Nọ́ọ̀sì ló ń wò. "Mo lọ, mi ò dé. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo ń ki ẹ̀ka igi sábẹ́ táyà. O ti sọ fún mi pé ká pe mẹkáníìkì. Ojú ló tì mí. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti pa Bàbá nígbà tí mo pa irọ́ àkọ́kọ́, ìgbà tí mo wá mọ̀, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n yí i padà."

"Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló fi gùn ún," ni Lọ́yà wí wàrà.

"Ẹ ní mọ́tò lẹ rí tó wọ géètì. Ẹ ti fọwọ́ sí i," ni Ínsípẹ́kítọ̀ dáhùn. "Ẹ rí i tó lọ, ẹ rí i tó bọ̀, àárín ni ẹ fi irọ́ dí. Ẹ̀yin náà rò pé fọ́ọ̀-wíìlì ni." Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó na àtẹ́lẹwọ́ síta. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun méjì ló wà níbẹ̀. "Inú táyà yín ni mo ti yọ wọ́n. Mọ́tò tí kò kúrò níwájú ọ́fíìsì."

"Òkúta funfun pọ̀ nílùú!"

"Òótọ́ ni. Onítípà, bọ́ síwájú. Ìgbà wo lo da òkúta sí ẹnu ọ̀nà Bàbá Òkè?"

"Àárọ̀ ọjọ́ tó kú náà ni, mà, kí òjò tó dé," ni awakọ̀ típà náà wí, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. "Ibi jíjìn ni mo ti kó o wá. Bàbá fúnra rẹ̀ ló dúró tì mí, ó ń sọ pé kí n tẹ́ ẹ dáadáa. Ó ní ọkọ ọmọ òun ń bọ̀, òun ò fẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ rì. Mo ní, 'Ṣé Lọ́yà ni, sà?' Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Rárá o. Tíṣà ni. Ọmọ mi ti sunkún tó.'"

Nọ́ọ̀sì gbé ẹsẹ̀ láti lọ bá Tíṣà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ti dì í mú lápá, ó dì í débi pé egungun ń ro ó. Ọwọ́ Lọ́yà ni. Agboòrùn ti bọ́ sílẹ̀. Ojú jẹ́jẹ́ yẹn ti lọ, ojú mìíràn ló wà níbẹ̀, èyí tí Bàbá Òkè rí kẹ́yìn láyé.

"Èmi ló ṣèlérí rẹ̀ fún!" ló pariwo. "Èmi! Mo bi í pé kí ni òkúta yìí wà fún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún mi! Ó ń ṣe ọ̀nà fún tíṣà lásánlàsàn! Mo kàn mì í ni... mo kàn mì í..."

Ó ń wọ́ Nọ́ọ̀sì lọ síbi mọ́tò dúdú. Lọ́yà fa ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí, ó sì dúró gbagidi, nítorí ọlọ́pàá méjì ti jókòó sínú rẹ̀ dè é.

"Mo sọ fún yín pé mọ́tò yìí wù mí," ni Ínsípẹ́kítọ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Irọ́ yín ò tilẹ̀ lo ọjọ́ méjì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ogún ọdún."

Ìka Lọ́yà tú lápá Nọ́ọ̀sì níkọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin Bàbá Òkè, Nọ́ọ̀sì àti Tíṣà fi ẹsẹ̀ gun òkè náà. Wọn kò di ara wọn lọ́wọ́ mú. Nígbà tí wọ́n dé géètì, Tíṣà dúró.

"Ká ní mọ́tò yẹn dára ni, ǹ bá ti bá a láàyè. Lọ́yà kì bá tí bá a nìkan nílé."

"Bóyá. Tàbí kí wọ́n sin ẹ̀yin méjèèjì." Nọ́ọ̀sì kò wo ojú rẹ̀. "Mo rò pé ìwọ ni. Fún odindi òru kan, mo jókòó ti ẹ̀wù rẹ, mo rò pé ìwọ ni. Ìtìjú kékeré lo ń bò mọ́lẹ̀, wo ohun tó fẹ́ bò wá mọ́lẹ̀."

"Mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́."

"Ìyẹn náà, mi ò ní fi ojú lásán rà á. N ó máa yẹ abẹ́ rẹ̀ wò." Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta funfun kan, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Tíṣà. "Ìwọ ni Bàbá tẹ́ wọn dè. Wọlé."

Tíṣà bọ́ bàtà rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé òkúta náà, lẹ́yìn náà ó gbé èkejì, bí ẹni tí wọ́n pè tó pẹ́ kó tó dé. Òkúta náà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, títí ó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn.