Kọ́ọ̀pù Bàbá Ìdáná

Kọ́ọ̀pù ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ sítọ̀ ilé ìwòsàn kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà, kọ́ọ̀pù irin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ tó dì í mú. Ìgbà tó fi máa gbójú sókè dé ojú ọmọbìnrin náà, ó ti gbàgbé iye àpò ìrẹsì tó ń kà.

"Ẹ fún mi ní ogójì kọ́ọ̀pù makaróní."

"Kílò la fi ń wọn oúnjẹ aláìsàn báyìí o, arẹwà. Àṣẹ tuntun ni."

"Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi ti ń dáná níbí, kò lo kílò rí. Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gbẹ́ni Síkéèlì."

Orúkọ òṣùwọ̀n náà mọ́ ọn lára. Bàbá Ìdáná, olórí alásè, ni bàbá ọmọbìnrin náà, abẹ́ rẹ̀ sì lọmọbìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, Síkéèlì ò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Á dìde, á yọjú lójú fèrèsé, á tún jókòó. Kò sírú àwáwí tí kò wí kó lè dé ilé ìdáná. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, ọmọbìnrin náà ti gbà fún un. Ó ku bàbá.

Bàbá Ìdáná gbọ́, kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní kí n sọ ìwọ̀n kọ́ọ̀pù inú ìwé ìdáná mi di kílò. Bá mi ṣe é. Bí oúnjẹ bá jáde bó ṣe yẹ, a ó jọ sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Bí kò bá jáde, má dé ibí mọ́."

Síkéèlì bu makaróní kún kọ́ọ̀pù sítọ̀, ó wọ̀n ọ́n: gíráàmù márùndínlọ́gọ́fà. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po ogójì, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, makaróní fa gbogbo omi ìkòkò mu, ó lẹ̀ pọ̀, ṣíbí dúró ṣánṣán láàárín rẹ̀. Àwọn aláìsàn dá a padà. Ojú ti Bàbá Ìdáná níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, ló bá ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ Síkéèlì síta.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń rìn ká sítọ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé òun ti pàdánù ọmọbìnrin náà. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọbìnrin náà yọjú.

"Olólùfẹ́ mi, ṣé orí ẹ pé ṣá? Kọ́ọ̀pù wo lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Ti sítọ̀."

"Ṣé ìyẹn tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́?"

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Síkéèlì fi sáré jáde lọ bá Bàbá Ìdáná.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yá mi ní kọ́ọ̀pù yín."

"Kò ní kúrò lójú mi."

Bàbá fúnra rẹ̀ gbé e wá sídìí òṣùwọ̀n. Ó bu makaróní sí i, kò gbọ̀n ọ́n, kò kì í mọ́lẹ̀: gíráàmù márùndínlọ́gọ́rùn-ún péré. Wọ́n fi ìwọ̀n yẹn dáná lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òfìfo ni gbogbo àwo padà wá.

"Sà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò tún ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù yìí ṣe?"

Bàbá fi àtàǹpàkò pa ibi tó tẹ̀.

"Ìyá ìyàwó ẹ ló jù ú mọ́ mi, ọdún tí mo fẹ́ ẹ. Mo yẹ̀ ẹ́, ó ba ògiri. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti kú, mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, ìyàwó ẹ nìkan ni Síkéèlì gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kì í gbélẹ̀ wá dúró sójú kan. Bàbá gbé kọ́ọ̀pù náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó yíjú sí ọkọ.

"Bó bá jù ú mọ́ ẹ, yẹ̀ ẹ́. Bó bá sì tún tẹ̀ níbòmíì, ẹ má tún un ṣe. Ẹ kàn jọ tún un wọ̀n ni."