Irúgbìn Ọsàn Kan Tí Kò Kú

Gbogbo irúgbìn ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé Akínbọ́lá ní Adó ló kú tán, àfi ẹyọ kan. Kò sí ewé tó já lára wọn. Wọ́n kàn rọ sórí ebè bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀.

Mosúnmọ́lá, ìyàwó Akínbọ́lá, ò tíì sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn. Ìgèdè, nílé ìyá rẹ̀, ló sùn mọ́jú.

"Ìyàwó, ìwọ lò ń bomi rin wọ́n," ni Bámgbóyè, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wí. "Ewúrẹ́ ò jẹ wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò fà wọ́n tu. Kí ló pa wọ́n bí kì í ṣe àjẹ́? Ọmọ ló kàn!"

Ọkọ Mosúnmọ́lá ti lọ sóko ìjọba, ó lọ gba ojú ọsàn dídùn, ibi tí ẹ̀ka ti ń rúwé, tí yóò lẹ̀ mọ́ ọsàn kíkan wọ̀nyí, kí igi wọn má baà ga, kí èèyàn lè dúró sílẹ̀ já èso. Ta ni yóò gbà á sílẹ̀?

Adéyẹyè, baálé ilé, wo irúgbìn, ó wo obìnrin náà. "Kí oòrùn tó wọ̀, kó máa lọ sí Ìgèdè. Ọmọ ò ní bá a lọ. Ọmọ wa ni."

Yéè! Ó di Olúmúyìwá, ọmọ rẹ̀, mú gírígírí.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan."

Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ wa ilẹ̀. Ekòló ló kọ́kọ́ rí, wọ́n ti kú, wọ́n funfun bọ́rọ́bọ́rọ́. Epo pupa díẹ̀ ń dán lójú erùpẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀: ẹyìn.

"Bàbá, omi gbígbóná ló pa wọ́n, ẹ wo ekòló! Àjẹ́ wo ló ń dáná?"

Baálé bẹ̀rẹ̀, òun náà gbóòórùn ilẹ̀. "Ta ló se ẹyìn lánàá?"

Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó tuntun Bámgbóyè, bú sẹ́kún. "Èmi ni, Bàbá. Mo kó ẹyìn kúrò, mo fi omi rẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, mo lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tí mo dé, ìkòkò ti ṣófo. Mo rò pé iná ló fà á gbẹ ni."

"Irọ́ ni!" Bámgbóyè figbe ta. "Ìwọ lo dà á! Ìlara ọmọ ló ń dà ọ́ láàmú."

Mosúnmọ́lá fẹ́ gbà á gbọ́. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára èyí tó kù. Àárín gbùngbùn ebè ló wà. Omi náà yí i ká, kò sì kàn án. Ó na ìka sí i.

"Kíkẹ́lọmọ, kí ló wà lábẹ́ èyí?"

"Mi ò mọ̀ o."

"Ìwọ́ ìdodo Olúmúyìwá ni. O ò tíì wọlé wa nígbà tí a rì í." Ó kọjú sí baálé. "Ìyá ọkọ mi tó rì í ti dolóògbé. Ọkọ mi ò sí nílé lánàá. Bàbá, ta ló bá wa gbẹ́ ihò rẹ̀?"

Baálé yíjú padà. "Bámgbóyè, ìwọ mà ni."

Ọkùnrin náà gbójú sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Iṣu ni à ń gbìn tẹ́lẹ̀. Iṣu, a óò wà á, ilẹ̀ a tún di ti gbogbo wa. Àmọ́ bí àbúrò mi bá gbin igi sórí ilẹ̀ bàbá wa, ta ló tún lè ní kó kúrò níbẹ̀? Èmi ni mo da omi náà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí ìwọ́, ọwọ́ mi ò gbé e. Mi ò lè pa ọmọ."

Mosúnmọ́lá dìde. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, síbẹ̀ ó bi Bámgbóyè:

"Ẹ ti ṣàánú ọmọ, bàbá mi. Ìyá ọmọ ńkọ́?"

Baálé ní kó má lọ sí Ìgèdè mọ́. Mosúnmọ́lá tún ọ̀já ọmọ so, ó gbé agbè, ó lọ pọnmi tútù wá fún èyí tó kù.