Ẹni Tó Jókòó Sórí Àga Akọ̀wé

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń parọ́ kí àwọn èèyàn lè máa wo ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á gbọ́, ó ṣeun. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó ṣáà bá mi fọwọ́ kan àga rẹ̀ kó tó jókòó, bó bá ti ibi oúnjẹ ọ̀sán dé.

Ìlú méjì ló fara kan ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ á jẹun ní ọ̀kan, á lọ yàgbẹ́ sí èkejì. Kò sí odò láàrin wọn, kò sí òkè. Ilà tí ìjọba fà lórí ìwé ló pín wọn, ilà náà sì gba àárín ilé ẹlòmíràn kọjá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sílẹ̀, wọ́n ní ẹyọ kan ni ìlú méjèèjì máa pín lò. Ìlú Òkè ra tábìlì, Ìlú Ìsàlẹ̀ ra àga. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ti Òkè, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ti Ìsàlẹ̀. Ní ti ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀, nítorí náà ìlẹ̀kùn máa ń wà ní títì. Ìwé ńlá méjì ni wọ́n ń kọ ẹjọ́ sí, aláwọ̀ ewé ti Òkè àti pupa ti Ìsàlẹ̀. Èèwọ̀ ni kí a kọ ẹjọ́ ìlú kan sínú ìwé èkejì.

Akọ̀wé tó ń gba ẹjọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Òfin-ò-mojú. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti lò lórí àga yẹn, ó sì ku oṣù mẹ́jọ kó fẹ̀yìn tì. Kì í gba rìbá, kì í pẹ́ dé, kì í tẹ òfin. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé bí ikú bá wá mú un ní ọjọ́ Ẹtì, yóò ní kó padà wá ní ọjọ́ Ajé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò ń rọ̀. Ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù. Obìnrin télọ̀ kan wọlé, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Pátákó kékeré tí wọ́n fi ń pe èèyàn wọlé, tí wọ́n kọ nọ́ńbà kẹrìnlá sí, wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni. Bíríkìlà ni. Wọ́n mú un níbi iṣẹ́ lánàá, wọ́n ní ó jí irin. Èémí rẹ̀ máa ń há, wọn ò sì jẹ́ kí n gbé oògùn rẹ̀ wọlé."

"Ilé yín ńkọ́?"

"Orí ààlà gan-an ni."

"Ẹnu ọ̀nà kọjú síbo?"

"Ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá tí a ń sùn wà ní Òkè, bàbá."

"Ẹnu ọ̀nà ni à ń wò, a kì í wo bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀la ni ọjọ́ yín."

"Ẹ kàn bá mi pe àgọ́ ọlọ́pàá lórí fóònù. Wọ́n ní tí ẹ bá ti pè, wọ́n á fi í sílẹ̀."

"Màdáàmù. Ọ̀la."

Ó sin ín jáde, ó ti ìlẹ̀kùn pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dorí kodò. Akọ̀wé kọjá lára rẹ̀. Ó sọdá títì lọ jẹ búrẹ́dì, ó mu tíì rẹ̀, bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tó padà dé, òjò ti dá, bẹ́ńṣì ti ṣófo. Ó jókòó. Àga rẹ̀ gbóná lábẹ́ rẹ̀. Kò kà á sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìròyìn dé. Bíríkìlà kan kú sí àtìmọ́lé ní òru. Èémí há a.

Ọ̀gá ọ́fíìsì, obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti akọ̀wé, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ṣé ẹnikẹ́ni wá fẹjọ́ ọkùnrin yìí sùn?"

"Rárá o, mà. Ẹnikẹ́ni ò wá."

Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tí èèyàn tutọ́. Ìlú méjèèjì ní àwọn yóò rán ènìyàn wá ṣe ìwádìí ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ó lé obìnrin náà padà, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélógún ti wọgbó nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ka àwọn pátákó nọ́ńbà bó ti máa ń kà wọ́n. Kẹrìnlá kò sí níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló lọ sílé télọ̀ náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ kí i ni. Ọkàn rẹ̀ mọ̀ pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin náà máa sọ̀rọ̀ ni. Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Télọ̀ jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò rán nǹkan kan. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, apá kan ṣoṣo ló ní.

"Ẹ kú àrafẹ́rakù, màdáàmù."

Ó gbójú sókè. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò pè wọ́n?"

"Mo... mo ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì."

"Ìyẹn lẹ kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà lẹ ṣílẹ̀kùn, tí ẹ ní, 'Nọ́ńbà kẹrìnlá, ẹ wọlé.' Ẹ fún mi lómi. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ní kí n lọ sinmi, pé ẹ máa pè wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo sì sùn, bàbá. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà."

"Aago mélòó nìyẹn?"

"Méjìlá ti kọjá. Òjò ti ń dá."

Ní àkókò yẹn, búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀ lódìkejì títì. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀.

"Ṣé ó dá yín lójú pé èmi ni?"

Obìnrin náà wò ó. "Ẹ̀yin ni. Ojú yín kàn rọ̀ ju báyìí lọ lọ́jọ́ náà ni." Ó na nǹkan sí i. Pátákó kẹrìnlá ni. "Ẹ gbàgbé láti gbà á lọ́wọ́ mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dá pátákó náà padà sáàárín àwọn yòókù, ó sì ṣí ìwé aláwọ̀ ewé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ẹjọ́ náà wà níbẹ̀. Ìkọ̀wé rẹ̀ ni, pẹ̀lú ilà méjì tó máa ń fà sábẹ́ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. Òǹtẹ̀ àtàǹpàkò obìnrin náà wà nísàlẹ̀. Ẹjọ́ ará Ìsàlẹ̀, nínú ìwé Òkè! Ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mọ́kànlélógún. Ó fọwọ́ kan ojú ìwé náà. Ó tutù rinrin, bí ẹni pé òjò ọjọ́ yẹn kò tíì gbẹ.

Ó mú abẹ. Ó gbé e lé etí ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀.

Ó gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá. "Mà, mo parọ́. Ó wá. Mo lé e padà."

Ọ̀gá kà á, ó tún un kà. "Ẹ lé e padà kẹ̀? Ìkọ̀wé yín ni mo ń kà yìí, bàbá."

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, mà."

"Ta wá ni?"

Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó tún un wò.

"Ẹ gbọ́," ni ọ̀gá wí jẹ́ẹ́. "Bí ẹ bá lé e, a lè ní òfin ló fà á. Bí ẹ bá gba ẹjọ́ rẹ̀ tí ẹ kò sì pè wọ́n, ọrùn yín ló wà. Èwo ni kí n sọ fún wọn ní Ọjọ́rú?"

Fáànù ń yí lókè. Ó ti ìwé náà padà síwájú ọ̀gá.

"Ẹ sọ fún wọn pé ó wá, mà. Ẹ sọ pé èmi ni."

Ilẹ̀ mọ́, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ṣèlérí fún ara rẹ̀ pé òun kò ní dìde lórí àga. Búrẹ́dì kò wù ú. Aago méjìlá lù, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó rántí omi tí wọ́n fún télọ̀. Ó rò ó pé òun náà lè fún èèyàn lómi. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó gbé ife lọ sídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Nígbà tó padà, bàbá arúgbó kan ń ti inú yàrá rẹ̀ jáde, pátákó kẹrìnlá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ padà wọlé, ẹ jókòó. Omi rèé."

"Ó tó, ọmọ mi. O ti fún mi lómi lẹ́ẹ̀kan." Arúgbó náà ń wo ojú rẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí níbẹ̀ tán. "Ọmọ ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá yẹn, ìgbà wo lo máa pè wọ́n?"

Ó sáré wọlé. Ìwé pupa ló wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, yíǹkì ṣì ń dán lórí rẹ̀. Ó fọwọ́ kan àga: ó gbóná. Ó fọwọ́ kan gègé ìkọ̀wé: ó gbóná.

Fóònù nìkan ló tutù.