Ẹni Tí Ayọ̀mípọ̀sí Ń Bá Sọ̀rọ̀

Ọmọ náà máa ń dúró de èsì. Ohun tó kọ́kọ́ da ọkàn Olúyẹ́misí rú nìyẹn. Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ ogún oṣù, á jókòó sórí ẹní ní pálọ̀ lọ́sàn-án gangan, á kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí kò sí nǹkan kan, á sọ̀rọ̀, á dákẹ́, á tẹ́tí. Lẹ́yìn náà, á bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn.

Ẹ sì wá wò ó, iṣẹ́ Yẹ́misí gan-an nìyí o. Bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń kọ́ èdè ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Àkúrẹ́. Ó mọ oṣù tí ọmọ ń ké "bàbàbà" lásán, ó mọ oṣù tó yẹ kó máa pe nǹkan lórúkọ. Ọmọ tirẹ̀ wá ni kò pe "màmá" rí. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún dé egungun. Kí ọmọ yìí ṣáà pe òun, ẹ̀ẹ̀kan péré, ni gbogbo àdúrà rẹ̀.

Wọ́n yẹ etí ọmọ wò ní ọsibítù, etí pé. Adédèjì ọkọ rẹ̀ ní kó fọmọ lọ́rùn sílẹ̀, pé àbúrò òun pé ọdún mẹ́ta kó tó sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ọmọ ń sọ̀rọ̀, kì í kàn ṣe ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ni. "Pẹ̀ẹ́pù" ni omi, lónìí, lọ́la, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. "Yọ́ndì" ni iná. Yẹ́misí ní ìwé kan tó ń kọ wọ́n sí, ó ti kọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì pé ọmọ kì í sọ ohun tí kò gbọ́ rí. Lẹ́nu ta ni ọmọ yìí ti wá gbọ́ ọ? Ó bi àwọn ará Ìdànrè, ó bi àwọn ará Ìlárá, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí èdè náà ti wá. Ó fi fóònù gba ohùn ọmọ náà sílẹ̀. "Dùúyẹ́" ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Á ní "Dùúyẹ́", á dákẹ́ fún ìwọ̀n èémí méjì, á rẹ́rìn-ín. Yẹ́misí gbọ́ ọ títí orí rẹ̀ fi dàrú. Ẹ̀rù ọmọ tó bí wá ń bà á.

Nígbà tó di Sátidé, ó gbé ọmọ lọ sí Oǹdó, lọ bá Mọ́mì Oríọlá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, àgbà kan ṣoṣo tó kù nínú ilé wọn. Ìyá àgbà ń rẹ́ ilá lọ́wọ́ nígbà tí Ayọ̀mípọ̀sí ní, "Pẹ̀ẹ́pù." Ìyá dìde, ó lọ bu omi nínú ìkòkò. Ó ti gbé e dé àárín yàrá kó tó dúró lójijì.

Yẹ́misí rọra bi í pé, "Mọ́mì, ta ló sọ fún yín pé omi ló ń tọrọ?"

Ìyá jókòó. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́bàá aláìsàn. Ó ní ìbejì ni wọ́n bí Yẹ́misí. Yẹ́misí ni Kẹ́hìndé. Àwọn méjèèjì ní èdè tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, tí ẹlòmíì kò gbọ́, àyàfi òun Mọ́mì tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń fún wọn lómi. Nígbà tí wọ́n lé díẹ̀ lọ́dún méjì, ibà dé. A kì í sì sọ pé ìbejì kú. Wọ́n sọ fún èyí tó kù pé Táíyé lọ sọ́jà. Bàbá àwọn ìbejì, àgbà ìjọ, ní òun ò ní gbẹ́ ère, òun ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ Kẹ́hìndé mọ́ nínú ilé òun.

"Ọdún kan gbáko ni o ò fọhùn," ni ìyá wí. "O kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. A gbàgbé pé ẹni tó lọ sọ́jà ń bọ̀ wá sílé."

Yẹ́misí wo ọmọ tó ń mumi. Ó bèèrè ẹni tó ń jẹ́ Dùúyẹ́.

"Ìwọ ni. Bí Táíyé ṣe máa ń pè ẹ́ nìyẹn."

Omi bọ́ lójú Yẹ́misí. Ọmọ tí òun ń bẹ Ọlọ́run pé kó pe òun, àṣé ó ti ń pe òun láti oṣù márùn-ún, òun ò jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣì rú u lójú. Ó bi ìyá pé tó bá jẹ́ òun ló ń pè, ta ló ń dá a lóhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri? Ìyá àgbà ní òun ò mọ̀, ó sì tún mú ọ̀bẹ ilá rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń padà sí Àkúrẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n kọjá Owénà, Ayọ̀mípọ̀sí ti sùn lọ lórí itan rẹ̀. Yẹ́misí ki íyàpíìsì fóònù bọ etí, ó ṣí ohùn tó gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

"Dùúyẹ́," ni ọmọ náà wí.

Ìdákẹ́jẹ́ tẹ̀lé e. Kí Yẹ́misí tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti là. "Yààlú," ló wí, ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ó bọ́ sáàárín ìdákẹ́jẹ́ náà géérégé, bí èsì tí ọmọ náà ti ń dúró dè. Nínú fóònù, ọmọ ọjọ́ Mọ́ńdè bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ó tún sọ òmíràn, ó dákẹ́, ó ń dúró. Ẹnu Yẹ́misí sì tún ti ń là.