Igi Tí Ẹ̀rọ Náà Ń Fá

“Nídìí ká mọ ẹ̀rọ yàn, kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi.”

Adéòjó ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Fọláwùmí ìyàwó rẹ̀, láàárọ̀ Sátidé kan. Òótọ́ ni ìtàn yìí o. Ì bá dùn mọ́ mi kó jẹ́ irọ́.

Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni Adéòjó ti ń ṣe gìtá ní Ìkòròdú. Pákó ọ̀gánwó gígùn méjì wà níbẹ̀, ogún bàbá rẹ̀. Ogún ọdún ni wọ́n fi gbẹ. Àwọn ló fẹ́ fi ṣe gìtá tí yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ pákó méjèèjì gbọ́dọ̀ tọ́ kí wọ́n tó lè pàdé láìsí àlàfo. Ìyẹn ló ṣe ń wá ẹ̀rọ ìfági kékeré.

Ó rí ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́, lọ́wọ́ Alhaji Àlímì, àgbà káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó wo gígùn tábìlì rẹ̀. Ó wo abẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti irin ẹ̀gbẹ́ tí pákó ń fara tì, kò mì.

“Ṣé o gbé igi dání?” Alhaji bi í.

“Igi kẹ̀?”

“Igi ẹni la fi ń dán ẹ̀rọ wò.”

“Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, sà. A kọ́ èyí ní pólì.”

Pákó ìrókò kan fara ti ògiri. Adéòjó gbé e. Kí Alhaji tó na ọwọ́, ẹ̀rọ ti fá a lẹ́ẹ̀kan. Ó dán bí dígí.

Alhaji wo pákó náà títí. “Ó ti ṣẹlẹ̀,” ló wí. Adéòjó sanwó ẹ̀rọ náà, ó gbé e lọ sí Ìkòròdú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Adéòjó tan jẹnẹrétọ̀. Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gánwó. Bí ìlà bá ti parẹ́, ẹ̀gbẹ́ ti tọ́ nìyẹn. Ó ti pákó gba orí abẹ.

Ìlà kò parẹ́.

Ó tún un tì. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìlà wà níbẹ̀ ṣinṣin. Èérún igi sì ti mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀.

Fọláwùmí yọjú. “Bàbá Dùnsìn, ẹ ní ọ̀gánwó lẹ fẹ́ fá.”

“Òun náà ni mò ń fá.”

“Ọ̀gánwó pupa. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí jọ gàrí elépo.”

“Má fọwọ́ kàn án.”

Kò mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ. Òórùn káńfọ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi sí òkú lára, ń jáde nínú èérún náà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó padà sí Ẹ̀pẹ́. Pákó ìrókò náà ṣì fara ti ògiri. Níjọ́ Sátidé, ó nípọn tó ìka mẹ́ta. Ní báyìí, ó ti fẹ́lẹ́ bíi páálí.

“Ta ló fá a, sà?”

“Ìwọ nìkan ni mo rí.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe tẹ́lẹ̀?”

“Ọ̀kan nínú pákó sàréè mi ni, tí wọ́n máa tò lé mi lórí. Mo ti gé gbogbo wọn sílẹ̀. Ó wá dín ọ̀kan.”

“Ara yín ńkọ́, sà?”

“Àlàáfíà ni. Ó kàn ń fúyẹ́.” Alhaji gbé ọwọ́ kan síwájú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ là á já bíi bébà. Adéòjó wo ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Kò wò ó mọ́.

Nígbà tó délé, ó da aṣọ bo ẹ̀rọ. Ó gé ọ̀kan nínú ọ̀gánwó bàbá rẹ̀ sí gígùn pákó sàréè. Ó fi ìfági ọwọ́ fá a fún ọjọ́ méjì. Fọláwùmí ń wò ó lẹ́nu ọ̀nà, kò bi í léèrè gìtá.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó gbé e dé Ẹ̀pẹ́, ó fi ti ògiri. Alhaji fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ yíká.

“Iṣẹ́ rẹ mọ́. Mú ìkejì wá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀.”

Adéòjó fẹ́ béèrè ìdí. Ó kọ́kọ́ fi ìka wọn pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀. Ó tún un wọ̀n: ìka mẹ́ta ló jẹ́ nílé, ó ti ku méjì.

“Ó dáa, sà,” ló wí.