Ilẹ̀kùn Ọkàn Ọmọ́bọ́lá

"Ẹ bá mi yin Olúwa," ni Ọmọ́bọ́lá wí níwájú ìjọ ní ọjọ́ ìkórè. "Àìsàn ọkàn tó ń ṣe mí, Jésù ti wò ó sàn."

Ìjọ hó yèè. Bàbá rẹ̀, Tíṣà Adéwùmí, tó ń tẹ dùùrù, gbójú sókè wò ó, kò sì sọ nǹkan kan. Ó mọ̀ pé ìgbàgbọ́ ni ọmọ òun fi sọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn ní Ṣakí nígbà náà a máa jẹ́rìí kí ohun tí wọ́n tọrọ tó dé, nítorí wọ́n gbà pé Ọlọ́run kì í dójú ti ẹni tó ti dúpẹ́.

Ọdún 1988 ni. Ọ̀fun tó dun Ọmọ́bọ́lá ní kékeré, tí oríkèé ara rẹ̀ sì wú, ló ba ilẹ̀kùn kan jẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ti fún, ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè kọjá dáadáa, bó bá sì gun òkè ilé-ìwé, a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà Akínyẹlé ní Ìbàdàn ti sọ fún wọn pé àwọn oníṣègùn kan ń bọ̀ láti òkè òkun. Wọn ò ní la àyà rẹ̀. Wọn yóò ti rọ́bà tín-ín-rín kan gba inú iṣan itan rẹ̀ lọ sínú ọkàn. Bàlúùnù kékeré kan wà lórí rọ́bà náà. Bó bá dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọn yóò mú kó wú, kó ti ilẹ̀kùn ṣí, wọn yóò sì fà á jáde. Ṣùgbọ́n Ọmọ́bọ́lá gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì ìkórè, Festus, olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, bá a níbi tó ti ń lo oògùn nínú kíláàsì.

"Arábìnrin," ló wí tẹ̀rín-tẹ̀rín, "o dúpẹ́ lánàá, o gbé oògùn mì lónìí. Èwo ni ká dì mú níbẹ̀?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Ọmọ́bọ́lá ti ń da oògùn rẹ̀ sínú ṣáláńgá. Bí bàbá rẹ̀ bá béèrè, a ní òun ti lò ó, bàbá a sì fọwọ́ pa á lórí.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn-àjò fi máa pé, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, nítorí bó bá dùbúlẹ̀, èémí kì í tó o. Ìjókòó ló ń sùn. Nínú ọkọ̀, ó gbórí lé èjìká bàbá rẹ̀, bàbá sì ń rọra kọ orin ìjọ sí i létí títí wọ́n fi kọjá Ìsẹ́yìn.

Ní Ìbàdàn, wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ fún un kí Dókítà Akínyẹlé tó bi í bóyá ó fo oògùn rẹ̀ rí. Bàbá ló dáhùn.

"Kò fò ó rí, Dókítà. Mo lè búra fún ọmọ yìí."

Ọmọ́bọ́lá mọ̀ pé lọ́la ni àwọn oníṣègùn òkè òkun náà ń padà sí ìlú wọn. Bó bá dákẹ́, wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn náà lónìí. Bó bá sọ̀rọ̀, ó lè má rí wọn mọ́ láéláé. Ó wo ojú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má búra. Mo ti ń dà á nù láti ọjọ́ kejì ìkórè. Ojú ló ń tì mí nítorí ẹ̀rí tí mo jẹ́."

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ọkàn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Dókítà ní bí rọ́bà bá kàn án pẹ́nrẹ́n, ó lè ṣí lọ sínú ọpọlọ, kó sì pa á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dá a padà láìṣe é, wọ́n ní kó máa lo oògùn rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè yọ́, bóyá àwọn oníṣègùn náà a tún wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ìta, Ọmọ́bọ́lá ń retí ìbáwí. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Wòlíì inú Bíbélì tó sọ fún ọba pé yóò yè, òun náà ló ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Oògùn kò ba ìgbàgbọ́ jẹ́, ọmọ mi. Irọ́ ló ń bà á jẹ́. Èmi náà jẹ̀bi. Mo gbọ́ ẹ̀rí rẹ, mo dákẹ́."

Ìdúró náà kò rọrùn. Ó pàdánù ìdánwò ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ tó bá lè wá sílé-ìwé, Festus, tó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, a gbé omi wá fún un lójú gbogbo kíláàsì, a sì dúró tì í títí yóò fi lo oògùn rẹ̀.

"Gbé e mì, Arábìnrin," ló máa ń wí. "Èmi ló yẹ kójú tì."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, àwọn oníṣègùn náà tún wá. Ẹ̀jẹ̀ dídì ti yọ́ tán. Ojú Ọmọ́bọ́lá là sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ó mọ ìgbà tí ọkàn rẹ̀ sọ kúlú, lẹ́yìn náà ó fa èémí kan tó jinlẹ̀, irú èyí tí kò rí fà láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó bá a tó fẹ̀yìn lélẹ̀, tó ń sùn fọnfọn. Ó jókòó tì í, kò jí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìtìjú kì í wo àrùn sàn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rí yín jẹ́ òtítọ́, ẹ má sì kọ ọwọ́ tí Ọlọ́run fi ń wò yín sàn nítorí ẹ̀rín ẹgbẹ́. Òtítọ́ tí Ọmọ́bọ́lá sọ ní Ìbàdàn gba ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.